Alága Tó Ń Sẹ́ Àwọn Olùdìbò

Bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Fámúrewá bá ń bọ̀, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Ikọ́ ipò ni. Yóò hú u lẹ́nu ọ̀nà, yóò dúró díẹ̀ kí àwọn tó jókòó lè rí àyè dìde, lẹ́yìn náà ni ikùn yóò yọ, fìlà yóò tẹ̀ lé e, Olóyè fúnra rẹ̀ yóò wá kẹ́yìn. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe ní Adó títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo Ìkọ̀lé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Nígbà tí mo wà ní Adó," ni yóò máa wí, "kò sí fáìlì kan tí kì í gba orí tábìlì mi kọjá."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ fáìlì dé orí tábìlì náà tí wọn kò kọjá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Irú Olóyè Fámúrewá wà ní ìlú tiyín náà. Ó lè jẹ́ pé òun ló ni ilé tí ẹ ń gbé.

Bí irú ènìyàn báyìí ṣe di alága lórí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìkọ̀lé, tí àwọn ènìyàn ń gun òkè kiri kí wọ́n tó lè bá ọmọ wọn ní Èkó sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títílọpẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé ìwé ìkéde wá fún un láti tẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ àmì òkè, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìwé ìkéde jáde pé "Bisoobu yoo wa ya soosi wa ni Satide." Ìyàsímímọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àgbàlagbà kan dìde láàárín ìsìn, ó bèèrè ohun tí ìjọ fi ṣẹ bíṣọ́ọ̀bù tó fi fẹ́ wá ya ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ọ̀rọ̀ náà pa Títílọpẹ́ lẹ́rìn-ín, ó sì tún dùn ún. Òun àti Múyìwá, olùkọ́ Yorùbá kan tó ń gbé Ayégbajú, bá jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá dá mọ̀. Alámì ni wọ́n sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ pé ọ̀fẹ́ ni: ẹnikẹ́ni lè lò ó, lè tú inú rẹ̀ wò, lè tún un ṣe, lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá ṣe, nítorí kò sí ìwé kan tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ènìyàn. Bàbá Ògúnbọ̀dé, àgbẹ̀ ní Ayégbajú tó tún ń rọ irin, a máa wọkọ̀ wá lọ́jọ́ ọjà láti wá ka orúkọ igi àti irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá láti Ìgbólé mú orúkọ ọbẹ̀ wá, pẹ̀lú ti oríṣiríṣi aṣọ. Nígbà tí ètò náà fa ìlà pupa sábẹ́ "ulé" àti "uṣẹ́," Bàbá Ògúnbọ̀dé bèèrè ohun tí kọ̀ǹpútà ń bínú sí.

"Bàbá, ó ń retí kí ẹ sọ pé 'ilé' ni," Múyìwá dá a lóhùn.

"Ulé ni bàbá mi kọ́," ni bàbá wí. "Kò kọ́ ilé."

Wọ́n fi méjèèjì sí i.

Èrò wá pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù Títílọpẹ́ lọ. Olóyè Fámúrewá sì ní yàrá ńlá kan lójú títì tó ti ṣófo tipẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lò ó. Wọ́n fi í ṣe alága láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àṣìṣe wọn sì nìyẹn, nítorí bí a bá fi oyè dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, oyè ni yóò gbà, yóò fi ọpẹ́ sílẹ̀.

Kí oṣù kan tó pé, Alága ti di Alága Àgbà. Ó gbé àga onítìmùtìmù kan wá láti ilé, ó fi aṣọ ìnura funfun bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì gbẹ́ sítáǹbù. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ kan tí Títílọpẹ́ fi eku kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́, ó gbé e sókè, ó nà án sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ yí tẹlifíṣọ̀n padà. Nígbà tí kò yí, ó ní iná kò tó.

Ó yan akọ̀wé kan fún ara rẹ̀, ọkùnrin tínrín tó ń jẹ́ Fẹ́yìsetán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé fáìlì tẹ̀ lé Olóyè, kó sì máa gba tiẹ̀ níbikíbi tí ẹnikẹ́ni kò bá gba tiẹ̀. Bí Olóyè bá sín, Fẹ́yìsetán á ní ọgbọ́n ló pọ̀ lórí tó ń wá ọ̀nà jáde.

*

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ìwé fi dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè tó ń ran irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti rí Alámì, ó sì wù wọ́n. Wọn yóò kó kọ̀ǹpútà wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkọ̀lé, Ayégbajú àti Ìgbólé, wọn yóò sì gbé olórí iṣẹ́ náà lọ sí ìpàdé ńlá kan ní Bràsíl. Ohun kan ni wọ́n béèrè: kí àwọn tó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà dìbò yan olórí wọn, kí wọ́n sì kọ́kọ́ pinnu láàárín ara wọn ẹni tó lọ́wọ́ níbẹ̀ àti ẹni tí kò lọ́wọ́ níbẹ̀. Aṣojú wọn, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláṣadé, yóò ti Ìbàdàn wá wo ìdìbò náà.

Àwọn tó wà ní yàrá gbọ́ "kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́." Múyìwá tí kò tíì rí kọ̀ǹpútà ní kíláàsì rẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ojú pátákó ló ti ń ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọ, bọ́ síta lọ mí kanlẹ̀. Bràsíl nìkan ni Olóyè gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

"Olóyè, mo ti ń rí i," Fẹ́yìsetán wí, bí télọ̀ ti ń wọn ikùn. "Ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ààrẹ wọn á máa bèèrè pé, òkè wo ló ń rìn bọ̀ yìí?"

"Ààrẹ wọn fúnra rẹ̀?"

"Ta ni yóò tún rán, Olóyè?"

Olóyè ronú lórí èyí, ó sì rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kí ààrẹ rán lóòótọ́. Ohun kan ló ń dà á láàmú. Gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá náà ló ń pe orúkọ Títílọpẹ́. Bí gbogbo wọn bá dìbò, òun kò ní dé Bràsíl. Òun lè má dé Ìfàkì pàápàá. Kò wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fẹ́ràn òun, torí kò kọ́ irú iṣẹ́ yẹn ní Adó. Ó wá ọ̀nà tí wọn kò fi ní dìbò.

Ó pe ìpàdé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ta ni ó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́?

Títílọpẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ níbẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tí Alámì kì bá tí rí báyìí bí kò bá sí òun, ó lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀."

Olóyè húkọ́. Ó dìde, ó sì tún fìlà ṣe.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wa yìí, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ọ̀rọ̀ tó rinlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀, tó gba àrògún, tó tún gba àrògúnlẹ̀ ni. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa sọ pé 'ọwọ́.' Kò sọ pé 'ẹnu.' Ẹni tó wá síbí wá ka orúkọ ewé, ẹnu ló fi kà á. Ẹni tó ka orúkọ ọbẹ̀, ẹnu náà ló fi kà á, a ò sì rí ọbẹ̀. Ọwọ́ tó bá kan kọ̀ǹpútà nìkan ni ọwọ́. Ẹnu tó bá fẹ́ dìbò, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu dìbò."

Fẹ́yìsetán nìkan ló pàtẹ́wọ́, àmọ́ ó pa á bí èrò ọjà.

Bàbá Ògúnbọ̀dé dìde. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò, ó lọ síbi kọ̀ǹpútà tó súnmọ́ ọn jù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà tú jáde lójú kọ̀ǹpútà bí ìjàlọ.

"Mo ti kàn án," ó wí, ó sì padà lọ jókòó. "Ṣé ó ti tó?"

Àwọn ìyá Ìgbólé dìde, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, oníkálukú ń lọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń lọ gba ìbùkún. Olóyè tú ìpàdé ká. Ó ní NEPA fẹ́ mú iná lọ.

*

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í so lára ilẹ̀kùn yàrá náà bí èso. Kò sí àárọ̀ tí wọn kò ní bá tuntun, sítáǹbù Alága Àgbà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ọwọ́ kàn án lásán kò tó mọ́. Ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ ti tẹ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ wọnú Alámì. Wọ́n ní olùdìbò gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá, Bàbá Ògúnbọ̀dé sì ní ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí òun, kí wọ́n lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ eṣú. Wọ́n ní Ìkọ̀lé ni Alámì ń gbé, nítorí náà Ìkọ̀lé ni olùdìbò gbọ́dọ̀ máa sùn. Múyìwá tó ń sùn ní Ayégbajú bọ́ síta. Nígbà tó kan Títílọpẹ́, ó gba ọgbọ́n díẹ̀, nítorí ọmọ Ìkọ̀lé ni, ó ń sùn níbẹ̀, ó ní ìwé ọjọ́ ìbí, ọwọ́ rẹ̀ ló sì tẹ ìdajì Alámì. Olóyè àti Fẹ́yìsetán ronú títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n wá kọ ọ́ pé ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kò lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, bí apẹja kò ti gbọdọ̀ ṣe ìdájọ́ ẹja.

"Òwe àwọn àgbà ni?" Olóyè bèèrè.

"Tiyín ni, Olóyè. Ìsinsìnyí lẹ pa á."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, gbé iyán síwájú rẹ̀, ó sì fara ti ògiri.

"Bàbá Bímpé, àwọn wo ló kù tí yóò dìbò?"

"Àwọn tó kájú òṣùwọ̀n."

"Mo gbọ́. Àwọn wo ni?"

Olóyè ń gé òkèlè lọ. Ó gé e, ó tún un gé, bí ẹni tó ń wá orúkọ nínú rẹ̀.

"Ẹni tó ń sẹ́ ògì," ni Morẹ́nikẹ́ wí, "ohun tó bá kù sínú asẹ́, èèrí ni. Ẹ rọra sẹ́ ẹ."

Ó gbé omi fún un, ó sì jáde. Olóyè gbé òkèlè sílẹ̀ nínú àwo. Fún ìgbà díẹ̀, ó rò ó bóyá kí òun yọ òfin kan tàbí méjì kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ni ìbá ti ṣeé gbà là. Ṣùgbọ́n kóòtù Bràsíl ti dé láti ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó so rọ̀ lára ògiri níwájú rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ ń dán.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Múyìwá nawọ́ sókè. Wọn kò jẹ́ kó dìbò, àmọ́ òfin kò tíì ní kó má bèèrè ọ̀rọ̀.

"Olóyè, mo kí yín. Ẹ dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ tiyín ti tẹ̀ sínú Alámì."

Fẹ́yìsetán fò dìde. "Ọwọ́ ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fi ń ríran?"

"Ọwọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni," Títílọpẹ́ dá a lóhùn.

Ọdẹ náà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tú ìpàdé ká nítorí NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti mú iná lọ láti ìjẹta. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, Fẹ́yìsetán gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Olóyè. Ó ní kí Olóyè gbé ọwọ́ lé òun lọ́wọ́. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan wọnú Alámì, ìyẹn "Fámúrewá." Fẹ́yìsetán tó ti ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é tún yí nǹkan kan níbẹ̀, kí ètò náà lè máa ka ọ̀rọ̀ yìí sí ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ, kí ó sì máa fi í rọ́pò èyíkéyìí tó bá jọ ọ́.

Alámì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú, ìwé àdúrà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí kọ̀ǹpútà inú yàrá Olóyè sì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Níbi tó yẹ kí ìjọ ti wí pé, "Olúwa, fà mí kúrò nínú ẹrẹ̀," gbogbo wọn kà á pọ̀ pé, "Olúwa, Fámúrewá kúrò nínú ẹrẹ̀," wọ́n sì ṣe àmín. Lórí àga iwájú, Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìjọ ń gbàdúrà ìrìn-àjò fún òun ni.

*

Ọ̀sẹ̀ ìdìbò kò tíì pé nígbà tí Títílọpẹ́ àti Múyìwá wá sí ilé Olóyè. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn kò bú ẹnikẹ́ni.

"Olóyè, ẹ ṣeun fún yàrá," Títílọpẹ́ wí. "A wá dágbére ni. A ó máa bá iṣẹ́ lọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ayégbajú."

"Iṣẹ́ wo?"

"Alámì, sà."

Olóyè rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Alámì wà ní yàrá mi. Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ òfìfo lọ ṣe é?"

"Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, sà. Ẹ̀dà wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọ̀fẹ́ ni. A ti kọ ọ́ síwájú rẹ̀ kí ẹ tó fún wa ní yàrá."

"Àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Àwọn ènìyàn náà ọ̀fẹ́ ni, Olóyè," ni Múyìwá wí pẹ̀lẹ́.

Olóyè kò gbà. Ní Adó, bí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ fáìlì, fáìlì wà níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ra àgádágodo tó tóbi bí orí ọmọ tuntun, ó fi ti yàrá, ó sì ní kí ọdẹ máa yẹ àpò gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú títì wò, bóyá Alámì wà níbẹ̀. Ọdẹ bèèrè bí Alámì ṣe rí. Olóyè ní yóò mọ̀ ọ́n bó bá rí i.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ó ta tapólì síwájú yàrá, ó to àga sábẹ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù Bràsíl nínú oòrùn Ìkọ̀lé. Morẹ́nikẹ́ kò sí nílé láti bá a tún kọ́là ṣe. Ó ti jáde láti àárọ̀. Fọláṣadé dé nígbà tí ọ̀sán ti yẹ̀, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ó kí Olóyè lórí ìkúnlẹ̀, ó sì wo àwọn àga tó ṣófo.

"Olóyè, níbo làwọn olùdìbò wà, sà?"

"Ọmọ mi, àwa nìyí."

Òun àti Fẹ́yìsetán ni. Olóyè sì kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó kí kábíyèsí tí kò sí níbẹ̀, ó kí àwọn ìjòyè tí wọn kò wá, ó kí alága ìjọba ìbílẹ̀ tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Ó sọ bí òun ṣe dá Alámì sílẹ̀ nínú òógùn ojú òun. Òógùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kóòtù ló fà á. Ewúrẹ́ méjì tó wọ abẹ́ tapólì wá ibòji gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n wá kọ ìbò wọn sórí bébà, wọ́n sọ ọ́ sínú páálí. Fọláṣadé mú àkọ́kọ́.

"Ọbáfẹ́mi Fámúrewá."

Olóyè tẹrí ba fún àwọn ewúrẹ́. Fọláṣadé tú èkejì.

"Fẹ́yìsetán."

"Ẹ tún un kà," ni Olóyè wí.

"Fẹ́yìsetán ló wà níbẹ̀, sà."

Olóyè yí padà díẹ̀díẹ̀. "Fẹ́yìsetán."

"Olóyè."

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tó bá kájú òṣùwọ̀n jáde, Olóyè. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí i pé mo kájú rẹ̀."

"Ìbò kan sí ìbò kan nìyẹn," Olóyè sọ fún Fọláṣadé. "Èmi ni alága. Èmi ni n ó pinnu."

"Kò rí bẹ́ẹ̀," Fẹ́yìsetán wí, kò sì gbé ojú sókè. "Ọwọ́ tèmi ló tẹ orúkọ yín wọnú rẹ̀. Tiyín kàn wà lórí tèmi ni. Òfin tó wà lára ilẹ̀kùn ní ọwọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ nìkan."

Fọláṣadé lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fi sùúrù ka gbogbo rẹ̀, sítáǹbù tẹ̀ lé sítáǹbù. Nígbà tó padà dé, ojú ń tì í fún àgbà.

"Olóyè, bí ẹ ti kọ ọ́ síbí yìí, ìbò yín kò wọlé. Wọ́n ti yan Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán."

Fẹ́yìsetán húkọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n hú ju Olóyè lọ. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ìbéèrè kan péré, sà," Fọláṣadé dá a dúró. "Títì ni ilẹ̀kùn yín wà. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ nínú ibẹ̀?"

Fẹ́yìsetán wo Olóyè, Olóyè wo àgádágodo.

"Mo ti Ayégbajú bọ̀ láàárọ̀ yìí ni," Fọláṣadé ṣàlàyé jẹ́jẹ́. "Ìdìbò kan ti wáyé níbẹ̀, èrò kò gba gbọ̀ngàn. Mo ní kí n dé ọ̀dọ̀ yín náà kí n má bàa ṣe ojúsàájú. Ibi tí iṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ bá wà ni kọ̀ǹpútà yóò lọ. Títílọpẹ́ ni wọ́n yàn. Ẹ má bínú, sà."

Ó kí wọn, ó wọkọ̀. Fẹ́yìsetán sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà díẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá, bóyá àyè akọ̀wé kan lè wà.

Ìrọ̀lẹ́ ni Morẹ́nikẹ́ wọlé. Olóyè jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ojú rẹ̀ lọ síbi àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀; tádàwà wà níbẹ̀.

"Ìyá Bímpé, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Ìdìbò ni mo lọ ṣe."

"Ta ló sọ pé o lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà?"

"Orúkọ àwọn aṣọ òfì tó wà nínú Alámì, ta lẹ rò pé ó kà á fún wọn?"

Olóyè kò mọ̀ pé orúkọ aṣọ òfì wà níbẹ̀. Ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀: "Ta lo dìbò fún?"

"Ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni, Bàbá Bímpé. Ẹ bọ́ kóòtù yẹn kí n bá yín sá a, ó ti tutù."

*

Kọ̀ǹpútà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Títílọpẹ́ lọ sí Bràsíl, ó sì bọ̀. Fẹ́yìsetán rí káńsílọ̀ kan ní Ọyẹ́ tó máa ń sín dáadáa, ó sì ń gbé fáìlì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó bá Olóyè jà, kò sí ẹni tó kọ̀ láti kí i. Wọ́n kàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ikọ́ rẹ̀ a máa wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò dìde, torí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà mọ́.

Ó pinnu láti kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí akọ̀wé mọ́, kò sì fẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ mọ̀. Ó ṣí àgádágodo, ó tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ṣe é. Ó kọ ọ́ pé wọ́n fi ìwọ̀sí lọ òun. Pé irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Adó rí. Pé bí ìjọba bá gba ìwọ̀sí yìí láàyè, ìwọ̀sí yóò gba ìlú. Gbogbo ibi tó bá ti kọ "ìwọ̀sí" ni Alámì ti ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ìlà pupa. Ó wò ó pé kọ̀ǹpútà náà ń ta ko òun ni.

Inú bí i, ó tẹ ìwé náà jáde, ó kó o lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù Títílọpẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Múyìwá wà níbẹ̀, ó sì gbé àga fún un. Kò jókòó.

"Ẹ wo iṣẹ́ yín," ó wí. "Ẹ ní ẹ mọ Yorùbá. Ètò tí ẹ gbé lọ sí Bràsíl kò mọ 'ìwọ̀sí.' Èmi Ọbáfẹ́mi, ìka ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Títílọpẹ́ gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó lọ síbi kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wò ó.

"Òótọ́ ni ẹ sọ, sà. Kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, kò sí ẹni tó mú un wá."

"Ẹ ò rí i."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi sí i báyìí. Báwo ni ẹ ṣe fi àmì sí i?"

Olóyè fẹ́ húkọ́, àmọ́ kò húkọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà láì fara kàn án. "Àmì ìsàlẹ̀ lórí 'i' àkọ́kọ́. Àmì ìsàlẹ̀ lórí 'ọ.' Èyí tó kẹ́yìn ni yóò lọ sókè."

Títílọpẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Múyìwá fa ìwé ńlá kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú rẹ̀.

"Kí lò ń kọ?" Olóyè bèèrè, ìfura sì wà lójú rẹ̀.

"Orúkọ yín ni, sà. Bí a ti pinnu rẹ̀ ní Ayégbajú, ẹni tó bá rí àṣìṣe tó sì wá sọ fún wa, ó ti lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ lè dìbò lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọkọ̀ kan ń ké Adó, Adó, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Olóyè wo ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó wo Múyìwá tó ń kọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí oyè kankan níwájú orúkọ náà. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, ó sì pa á dé. Ó fa àga náà súnmọ́ ara rẹ̀, ó jókòó.

"Oṣù wo," ó bèèrè, "ni ìdìbò ọ̀hún?"